Ẹ Bi Wá Ká Jọ Wò Ó: Ibo làwọn alángbá aṣálẹ̀ ń gbà lọ tójò ò bá rọ̀?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan bi wá léèrè nípa ọmọ́nílé tó máa ń wà lẹ́yìn fíríìjì ẹ̀, mo dáhùn ní ìlà mẹ́rin péré, mo rò pé ó ti parí. Háà! Lẹ́tà tó wọlé lẹ́yìn ẹ̀ ju ti ọ̀rọ̀ owó orí ìyàwó lọ. Púpọ̀ nínú ẹ̀ ló wá látọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Arizona l'Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, níbi tí aṣálẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ yàrá bá èèyàn, nítorí náà ọ̀rọ̀ alángbá nìkan la máa sọ lóṣù yìí, ẹni tó ní ẹjọ́ ọkọ àtìyàwó nílẹ̀ kó ṣe sùúrù díẹ̀ fún wa.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, Phoenix lèmi àti ọkọ mi àtàwọn ìbejì wa ń gbé, ilé wa ò jìnnà sí òkè tí wọ́n ń pè ní South Mountain. Òkúta ńláńlá ló wà lẹ́yìnkùlé, alángbá ńlá kan sì máa ń yáàrùn lórí ẹ̀, ara ẹ̀ dúdú, ìrù ẹ̀ wá pupa rúsúrúsú, làwọn ọmọ bá sọ ọ́ ní Bàbá Rúsú. Ní 2023, ooru mú wa débi pé èèyàn ò lè fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mọ́tò, òjò tó yẹ kó rọ̀ ò rọ̀, Bàbá Rúsú náà sì wábi gbà. A ò rí i ní July, a ò rí i ní August, títí ọdún fi parí. Mo ti sọ fáwọn ọmọ pé ó ti kú, Kẹ́hìndé sunkún títí. Àfi bójò ṣe rọ̀ lọ́dún kejì táwọn òdòdó kéékèèké hù sáàárín òkúta, la bá tún rí i tó jókòó síbẹ̀ tó ń já òdòdó jẹ. Ọkọ mi ní kì í ṣe òun, ó ní ọmọ ẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé alángbá lè gbé oṣù méje, mẹ́jọ láìjẹ láìmu?
Ìyá Ìbejì, Phoenix

ÈSÌ: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ooru o, ẹ kú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà. Ẹ sọ fún Kẹ́hìndé kó nujú, torí ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ Bàbá Rúsú fúnra ẹ̀ lẹ rí. Chuckwalla ni wọ́n ń pe irú alángbá yẹn, ẹ̀mí ẹ̀ gùn, ó lè lò ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ láyé, akọ tó wà ní South Mountain yín yẹn gan-an ló sì gbajúmọ̀ fún ìrù rúsúrúsú. Bí akọ alángbá tiwa nílé ṣe ń fi orí pupa ṣe fáàrí lórí fẹ́ńsì, ìrù ni tiwọn fi ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí ọdún yẹn ṣe le tó fáwọn tí ò sí níbẹ̀. Ọjọ́ 31 gbáko tó tẹ̀ léra wọn, láti ìparí June sí ìparí July 2023, ni ooru ọ̀sán Phoenix fi ń dé 110 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ju 43 lọ lórí Celsius tá a mọ̀ nílé. Òjò tí wọ́n máa ń retí láti àárín June sí ìparí September, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò pé milimítà 4, kò sí ọdún tí tiẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ rí nínú àkọsílẹ̀ ìlú náà. Milimítà 4! Ìbàdàn lè gbà jùyẹn lọ kéèyàn tó sáré ká aṣọ lórí okùn tán.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé chuckwalla kì í wá omi mu kiri bí ewúrẹ́. Inú ewé, òdòdó àti èso tó ń jẹ lomi ẹ̀ wà. Tójò bá rọ̀ nígbà òtútù, ewé á hù bílẹ̀ bá ti ń móoru, á jẹ, á yó, òùngbẹ ò ní gbẹ ẹ́. Ìgbà tí ewé yẹn bá wá gbẹ ni wàhálà dé, kì í sì í ṣe pé oúnjẹ tán pátápátá o, ewé gbígbẹ ṣì lè wà níbẹ̀ yamùrá, àmọ́ omi inú ẹ̀ ò tó nǹkan, iyọ̀ ló kún ibẹ̀, tó bá jẹ ẹ́ ńṣe ni òùngbẹ á tún lé sí i. Ẹ wo ẹni tí ọ̀fun ẹ̀ ti gbẹ, tí wọ́n wá gbé gààrí gbígbẹ síwájú ẹ̀, tí ò sómi, kò sí ẹ̀pà, kò sí nǹkankan. Á rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Bí chuckwalla náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn, á ṣíwọ́ oúnjẹ, á wọnú pàlàpálá àpáta lọ, á wá ibi tó tutù díẹ̀ tí atẹ́gùn gbígbẹ ò ti ní máa fa omi ara ẹ̀ jáde, á sì dákẹ́ síbẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé kan, Kenneth Nagy, tọpa wọn nínú aṣálẹ̀ Mojave ní California ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó ṣírò omi tó ń wọ ara wọn àti èyí tó ń jáde, ó sì rí i pé ewé tútù nìkan ti tó wọn, omi mímu ò pọn dandan. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ wọn ni ti imú. Iyọ̀ tó pọ̀ jù lára wọn, imú ni wọ́n ń gbà lé e jáde, ẹṣẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀ fún iṣẹ́ yẹn, tí wọ́n bá ti sín báyìí, nǹkan funfun ló máa gbẹ mọ́ ihò imú wọn bí ìyẹ̀fun. Tẹ́ ẹ bá rí Bàbá Rúsú tí imú ẹ̀ funfun, kì í ṣe ọ̀fìnkìn, iyọ̀ ni. Ìtọ̀ wọn náà ò dà bíi tiwa. Ẹ rántí ìgbẹ́ ọmọ́nílé tẹ́ ẹ máa ń gbá lójú wíńdò láàárọ̀, tó dúdú, tí orí ẹ̀ wá funfun. Funfun yẹn nìtọ̀. Wọ́n ti fún omi inú ẹ̀ dá sára kí wọ́n tó yà á.

Ní ti oṣù méje tẹ́ ẹ kà, ẹ ò ṣì í kà, àmọ́ nǹkan méjì lẹ kà pọ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ ló kọ́kọ́ tì í mọ́lé, kó tó parí òtútù ti dé, láti bíi November sí February wọn kì í sábà jáde bójò rọ̀ bí ò rọ̀. Torí pé ara alángbá kì í dáná fúnra ẹ̀ bíi tiwa, oòrùn ló fi ń yá ara, oúnjẹ díẹ̀ ti tó o, ọ̀rá tó ti kó sára nígbà ọ̀pọ̀ ló ń jẹ nínú àpáta níbẹ̀. Ó máa rù o, awọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí agbádá ẹni tó ṣàìsàn dìde. Ohun kan wà tí ẹ ò lè rí láti ojú wíńdò, ìyẹn ni pé lọ́dún tí ewé ò bá hù dáadáa, ọ̀pọ̀ abo wọn ò ní yé ẹyin rárá. Wọ́n á fo ọdún náà dá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú Bàbá Ìbejì pé ọmọ ẹ̀ lẹ rí, ọdún yẹn kì í ṣe ọdún ìkómọ.

Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ kí wọ́n má fà á nínú ihò o. Tó bá ti wọnú àpáta, tó rí i pé wọ́n fẹ́ fà á, á fa èémí símú, á wú bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fẹ́, á há mọ́ àárín òkúta, ẹ lè fà á títí kí ìrù já. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ tó ń jẹ ẹ́ láyé àtijọ́, igi ẹlẹ́nu ṣóṣóró ni wọ́n fi ń gún un kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ lè jò kí wọ́n tó rí i yọ. Àwọn ọdẹ wa tó mọ wàhálà àgílíńtí nínú ihò á mọ ohun tí mò ń sọ.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ mi. Mo lọ bá ọmọ mi obìnrin wẹ ọmọ tuntun ní Tucson ní August. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tójò rọ̀ tán, mo rí nǹkan kan tó ń wọ́ bọ̀ létí gáréèjì, ó sanra, ìrù ẹ̀ ki pọ́pọ́, ara ẹ̀ wá dà bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀ dúdú àti rúsúrúsú sí i. Mo ti gbé ìgbálẹ̀ sókè kí ọkọ ọmọ mi tó pariwo pé "Màmá, ẹ má pa á o, ìjọba máa mú wa!" Ó tún ní olóró ni. Kí ni wọ́n ń dá olóró sí fún? Kí ló sì dé tó jẹ́ ẹ̀yìn òjò ló tó jáde?
Ìyá Àgbà, Abẹ́òkúta

ÈSÌ: Màmá wa, ẹ kú ewu ọmọ o, Ọlọ́run á wo ọmọ náà. Òótọ́ lọkọ ọmọ yín sọ. Gila monster ni, Híílà ni wọ́n ń pe ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lẹ́nu, láti 1952 ni òfin Arizona ti dáàbò bò ó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á tàbí kó mú un lọ sílé. Olóró ni lóòótọ́, tó bá gé èèyàn jẹ ìrora ẹ̀ kì í ṣe kékeré, àmọ́ kò yára, kò sì ń lé ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá fọwọ́ gbé e nìkan ló máa ń rí i he.

Ìdí tí wọ́n fi ń dá a sí, mo fẹ́ fi ìtàn kan dá yín lóhùn. Dókítà kan tó ń jẹ́ John Eng, ní Bronx ní New York, rí èròjà kan nínú oró tó wà nínú itọ́ ẹ̀ tó jọ èyí tí ara wa fi ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Àtibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe abẹ́rẹ́ exenatide fáwọn tó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 2005. Ẹ gbọ́ bí Yorùbá ṣe dùn tó, itọ́ alángbá ló ń tọ́jú ìtọ̀ ṣúgà! Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ló ń ṣe oògùn yẹn o, wọn ò fún itọ́ alángbá sínú ìgò, kí ẹnikẹ́ni má lọ máa lé alángbá kiri nítorí ohun tí mo kọ.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yẹn náà ló máa dáhùn ìbéèrè yín kejì. Ibi tí Gila monster ń gbé, inú ilẹ̀ ló ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé ẹ̀, lábẹ́ òkúta tàbí nínú ihò tí ẹranko míì gbẹ́. May àti June ló burú jù, gbogbo nǹkan á gbẹ kankan. Tí òjò July bá wá bẹ̀rẹ̀, á jáde, á rí ibi tómi dá sí, á mu àmuyó, á mu àmuyọ̀. Àwọn onímọ̀ ní Arizona State University, Jon Davis àti Dale DeNardo, kọ ọ́ ní 2007 pé omi yẹn kì í ṣòfò, àpò ìtọ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀ sí. Kì í tètè tọ̀ ọ́ dànù bíi tiwa. Tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá ń ki torí òùngbẹ, omi inú àpò ìtọ̀ á máa padà sínú ara díẹ̀díẹ̀. Táńkì orí ilé ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí omi ẹ̀rọ ṣe ń ṣe l'Abẹ́òkúta, ẹ mọ bí táńkì ṣe ń gbani.

Wọ́n tún wá dán nǹkan kan wò tó jọ mí lójú gan-an. Wọ́n mú lára àwọn Gila monster inú igbó níbẹ̀, wọ́n ń fún wọn lómi mu láwọn oṣù tó gbẹ, wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń rómi mu ń jáde síta ju àwọn tí ò rí lọ, nínú ooru kan náà o! Àwa tá a rò pé oòrùn ló há wọn mọ́lé, a ò mọ̀ pé òùngbẹ ni. Láti ìgbà tí mo ti ka ìyẹn, mi ò lè wo alángbá aṣálẹ̀ kankan mọ́ kí n máa rò pé ooru ni gbogbo ìṣòro ẹ̀, omi ló ń kà lójoojúmọ́ bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń ka owó àjọ.

Oúnjẹ náà kò yẹ̀ ẹ́. Ẹyin ẹyẹ, ọmọ ehoro tí ò tíì lajú, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ, ó lè jẹ èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á wá lọ sùn lé e. Ìrù ki pọ́pọ́ tẹ́ ẹ rí yẹn, ọ̀rá ló kún ibẹ̀, ìyẹn ni àpò oúnjẹ ẹ̀. Màmá, ẹ fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ jàre.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo rí fídíò kan lórí TikTok, alángbá kan tó lẹ́gùn-ún gbogbo ara dúró sínú omi kékeré, kò tẹnu bọ omi rárá, omi ń gun ara ẹ̀ lọ fúnra ẹ̀ títí dé ẹnu. Ọ̀rẹ́ mi ní AI ni. Ẹlòmíì lábẹ́ fídíò ní awọ ẹ̀ ń mu omi bíi fóòmù. Èwo lòótọ́?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

ÈSÌ: Àbúrò, kì í ṣe AI, kì í sì í ṣe fóòmù. Aṣálẹ̀ Australia ló wà, wọ́n ń pè é ní thorny devil, mi ò sì ní túmọ̀ orúkọ yẹn fún ẹ torí àwọn tó máa tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá Èṣù wa jà lórí ohun tí ò mọ nǹkankan nípa ẹ̀. Kò tóbi, ó fi díẹ̀ gùn ju bírò lọ, ó máa ń mì síwá mì sẹ́yìn bí ọ̀gà tó bá ń rìn, eèrà nìkan ló ń jẹ. Torí pé eèrà ni wọ́n ṣe ẹnu ẹ̀ fún, kò lè fi lá omi nílẹ̀ bíi ajá.

Fojú inú wò ó pé o tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ò ń wo ẹsẹ̀ ẹ̀ nínú omi. Láàárín ìpẹ́ kan sí ìkejì, ojú ọ̀nà tín-ínrín tín-ínrín wà káàkiri ara ẹ̀, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ẹ̀yìn dé ọrùn, gbogbo ẹ̀ ló já síra wọn, igun ẹnu sì ni gbogbo wọn ń lọ. Ṣó o mọ òwú àtùpà? O kì í fi ọwọ́ ti kẹrosíìnì gun òkè, òwú ló ń fà á fúnra ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lomi ṣe ń rìn níbẹ̀, tó o bá wò ó dáadáa wàá rí i tí awọ ẹ̀ ń dúdú díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìyẹn omi ló ń gòkè, lẹ́yìn ẹ̀ ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, àgbọ̀n á máa ṣí á máa pa, gbẹ̀ǹdú gbẹ̀ǹdú, ó ń gbé e mì nìyẹn. Omi ò gba awọ wọnú o, orí awọ ló gbà, ẹnu ló wọ̀. Ibẹ̀ lẹni tó sọ̀rọ̀ fóòmù ti ṣì í.

Tójò bá rọ̀ tí omi ò dá síbì kankan, iyanrìn tútù náà á ṣiṣẹ́ díẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ti rí i tó ń fi ẹsẹ̀ ju iyanrìn tútù sẹ́yìn ara ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó wọ̀n ọ́n dáadáa ní 2016 rí i pé àwọn ojú ọ̀nà yẹn ní láti kọ́kọ́ kún kómi tó dé ẹnu, ohun tó sì ń kún un tó bíi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara ẹ̀. Ìrì nìkan ò lè ṣe é. Kómi dá sílẹ̀ kó dúró sínú ẹ̀ ló dáa jù, bó o ṣe rí i nínú fídíò.

Kì í ṣe òun nìkan ló mọgbọ́n yìí. Èyí tó wà ní Texas tó níwo lórí, tójò bá bẹ̀rẹ̀, kì í sá wọlé, ńṣe ló máa na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á tẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ bí àwo, á dorí kodò, kí gbogbo òjò tó bọ́ lé e lẹ́yìn lè ṣàn wá sẹ́nu. Mo ti rí àwọn ọmọdé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀! Ní Namibia sì rèé, aṣálẹ̀ Namib tó wà létí òkun, òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ rárá, kùrukùru tó ń ti orí òkun wọlé láàárọ̀ ni wọ́n gbójú lé. Alángbá kékeré kan wà lórí òkìtì iyanrìn ibẹ̀ tó ń mu ẹ̀kán kùrukùru, tí ilẹ̀ bá wá gbóná lọ́sàn-án á bẹ̀rẹ̀ ijó, á gbé ẹsẹ̀ iwájú kan àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè, á gbé wọn sílẹ̀, á gbé èkejì, kó má baà jó lẹ́sẹ̀, tó bá le jù á rì sínú iyanrìn gbìì, o ò ní rí i mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa ń kọ lẹ fi máa ń yin òjò. Ṣé ọjọ́ kan ò sí tójò ò dáa fún alángbá ni? Èmi rò pé tójò bá pọ̀ láṣálẹ̀, gbogbo wọn ló yẹ kó máa pọ̀ sí i.
Aríwísí, Agége

ÈSÌ: Ọ̀gá Aríwísí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tún ti dé. Lóòótọ́ òjò a máa kó oúnjẹ wá. Ẹ rántí èsúnsún, bójò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tílẹ̀ ṣú, tá a máa ń gbé abọ́ omi sábẹ́ gílóòbù kó lè máa já sí i, tí alángbá àti ọmọ́nílé á sì máa jẹ èyí tó bọ́ sílẹ̀ títí ikùn wọn á fi fẹ́ bẹ́. Ó ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà láṣálẹ̀, ikán àti eèrà abìyẹ́ máa ń jáde lẹ́yìn òjò, ọjọ́ àríyá sì lọjọ́ náà fáwọn alángbá.

Àmọ́ ìbéèrè yín dáa, torí ìdáhùn ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ kọ́, kì í ṣe gbogbo wọn. Ní Simpson Desert ní àárín Australia, Chris Dickman àtàwọn èèyàn ẹ̀ láti University of Sydney ti ń ka ẹranko láti 1990. Irú alángbá méjì wà níbẹ̀ tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ara wọn gan-an, tẹ́ ẹ bá rí wọn lẹ lè pè wọ́n ní tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ìkan fẹ́ràn gbangba, ibi tí iyanrìn tẹ́ pẹrẹsẹ tó ti lè máa wo ọ̀tún wo òsì. Ìkejì fẹ́ràn kó máa sá wọ abẹ́ koríko líle ẹlẹ́gùn-ún kan tó ń hù ní ìdì ìdì níbẹ̀. Tójò ńlá bá rọ̀, koríko yẹn á gbòòrò, á bo iyanrìn, èyí tó fẹ́ràn koríko á máa pọ̀ sí i, èyí tó fẹ́ràn gbangba á sì máa dín kù torí ilé ẹ̀ ti di igbó. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, tí koríko gbẹ, ọ̀rọ̀ á yí padà, ẹni gbangba á tún gbalẹ̀. Àwọn àgbà tó ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run, ó jọ pé wọ́n ti dé Australia rí.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé òjò dáa fún alángbá aṣálẹ̀, ẹ bi í pé alángbá wo.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Mò ń gbọ́ lórí rédíò pé ayé ń gbóná sí i, pé àwọn alángbá ń kú lọ. Ẹ dákun, àwọn tó ti ń gbé inú iná láti ọjọ́ pípẹ́, kí ni ooru tún fẹ́ fi wọ́n ṣe? Àwọn tiwa nílé ńkọ́?
Bàbá Tíṣà, Ṣakí

ÈSÌ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ìkọ́ni o. Wọn ò gbé inú iná, ẹ̀gbẹ́ iná ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sún sẹ́yìn. Àárọ̀ ni wọ́n ń jáde wá jẹun, bí oòrùn bá ti le wọ́n á wọlé, nírọ̀lẹ́ wọ́n tún lè jáde. Ní 2010, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Barry Sinervo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí irú alángbá méjìdínláàádọ́ta ní Mexico, wọ́n padà sí ibi 200 tí wọ́n ti mọ̀ pé wọ́n wà láàárín 1975 sí 1995, wọ́n sì rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ibi bẹ́ẹ̀, méjìlá ni wọn ò sí mọ́. Kì í ṣe pé oòrùn yan wọ́n gbẹ o. Wákàtí ìjẹun ló kúrú. Nígbà ìrúwé tí abo lóyún tó yẹ kó máa jẹ dáadáa, ooru á ti lé e wọ ihò kó tó yó, ebi ò sì jẹ́ kí ọmọ ó wá. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá tún wá pa kòkòrò tó yẹ kó jẹ láàárín wákàtí díẹ̀ tó kù, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀.

Tiwa ò sí láṣálẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ wa ò dé ibi tiwọn, àmọ́ òjò làwọn náà fi ń ka oṣù. Ẹyin alángbá kì í le bíi ti adìyẹ, ó rọ̀ bí awọ, inú ilẹ̀ tó ní rinrin ló ti ń fa omi, tí ilẹ̀ bá gbẹ jù ẹyin á hunjọ á bàjẹ́. Nítorí náà ẹ̀yìn òjò ni abo ń wá ibi rírọ̀, á fi imú àti èékánná gbẹ́ ihò kékeré, á yé e síbẹ̀, á sì bò ó mọ́lẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, lánlọ́ọ̀dù wa fi íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo kọ̀ǹpáùndù, kò ṣẹ́ ibì kan kù tó jẹ́ erùpẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní March, ní ọjọ́ kejì ẹ̀ mo rí abo alángbá kan tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí íńtálọ́ọ̀kì yẹn, á fi imú kan ibí, á fi imú kan ọ̀hún, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ju wákàtí kan lọ. Nígbà tó yá ló gun bákẹ́ẹ̀tì tó ti fọ́ tí ìyàwó mi gbin efinrin sí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, erùpẹ̀ ń ta sórí efinrin. Ìyàwó mi fẹ́ lé e, mo bẹ̀ ẹ́. Bí oṣù méjì àti díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mẹ́rin ló jáde, wọ́n kéré débi pé wọ́n lè gùn lé ìka mi, ìkan nínú wọn ti ń mi orí sí mi bí ẹni tó nilé.